Ìyàwó Òjò Tó Wà Nínú Fíríjì Mi

Sí Kẹltúmà, ọmọ ọmọ mi tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó bá ọ níbi tí ìwé yìí bá ti bá ọ, yálà orí àga ibi iṣẹ́ rẹ ni o wà tàbí inú ọkọ̀ tó ń rìn lórí irin láàárín ìgboro Kasabúláńkà. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ọmọbìnrin tí ẹ jọ ń gbé yàrá ti dẹ́kun híhanrun? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o tẹ́ lójú àwọn tó ń wò ọ́, kí oúnjẹ ìlú ńlá má sì ba inú rẹ jẹ́. Gbogbo wa níbí wà láàyè, àfi ewúrẹ́ dúdú, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó, a sì tètè dú u kí ikú tó mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Rukáyà ìyàwó Hámù ló ń bá mi kọ ìwé yìí, torí ó ka ìwé dé kíláàsì mẹ́fà, ọwọ́ rẹ̀ sì dára. O mọ̀ pé Mámásì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ni ìyá ọkọ rẹ̀, nítorí náà mo ti mú un búra pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni yóò ṣe kọ ọ́, kò ní fi oyin sí i. Wàá ní kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Orí òrùlé Mámásì nìkan ni fóònù ti ń gbọ́ràn ní abúlé yìí, ohun tí mo bá sì sọ lórí òrùlé Mámásì, kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà ó ti dé ibi kànga.

Ìdí ìwé yìí ni pé Lálà Nufísà, obìnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí o rán sí mi, ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ọjà láti wá gbé ìyàwó òjò, ọmọlangidi àtijọ́ tí a fi ń tọrọ òjò, lọ sínú àpótí gíláàsì. Àwọn obìnrin abúlé sì ní ìyàwó òjò kò ní kúrò níbí nígbà tí ọkà báálì wa ń kú lọ nínú oko. Èmi ni mo wà láàárín. Fara balẹ̀ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìwọ lo dá a sílẹ̀.

Nígbà tí o rán obìnrin náà wá lẹ́yìn ọdún Ìléyá, ohun tí o sọ ni pé ó ń ṣa ọmọlangidi àtijọ́ jọ. Mo rò pé ó bímọ púpọ̀ ni. Ó dé, mo bi í, ó ní òun kò tíì lọ́kọ. Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Obìnrin tó ga, tó mọ́, tí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ra màlúù, tó wá láti ọ̀nà jínjìn láti tọrọ ohun ìṣeré tí àwa máa ń jù sóko tí ìgbà ìrúwé bá ti parí. Mo fún un ní tíì, mo sì rọra fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ibà ni.

Ó ní ṣé mo ṣe ọmọlangidi rí ní kékeré. Ta ni kò ṣe é? A ó de ìféefé méjì ní ìdábùú ara wọn, a ó fi ìkarahun ìgbín ṣe orí, a ó fi irun ewúrẹ́ ṣe irun, a ó wọ̀ ọ́ láṣọ ìyàwó, a ó sì máa ṣe ìgbéyàwó fún un láti àárọ̀ títí ebi yóò fi lé wa wálé. Ó ní níbo ni tèmi wà báyìí. Mo ní ó wà níbi tí eyín ọmọdé mi wà. Ṣùgbọ́n mo rántí pé àwọn mìíràn máa ń fi tiwọn pamọ́ sínú ihò ògiri kí àwọn ọmọkùnrin má baà dáná sun wọ́n. Mo mú un lọ sí ahoro ilé Bìhì, mo ki ọwọ́ bọ ihò. Ó ní kí n rọra, ó ní àkeekèé lè wà níbẹ̀. Mo ní àkeekèé tó bá ta mí ni yóò kú. Mo fa ọ̀kan jáde, kò tóbi ju ṣíbí lọ, eruku bò ó, ojú ìgbín rẹ̀ sì ń wò wá.

Lálà Nufísà yọ ìbọ̀wọ́ funfun nínú báàgì rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ kí ó tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí. Mo ní àwa kò lárùn níbí. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ọmọlangidi ni òun kò fẹ́ kí ọwọ́ òun kó bá. Mo wá rò ó pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyẹn, ìmọ́tótó ló ń wá. Nígbà tí ó lọ sùn sí ìlú Tafíráútù, mo fi ọṣẹ fọ ọmọlangidi náà, mo tún un fọ̀, mo sá a sórí òrùlé. Ó padà dé lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ọgọ́ta ọdún ni mo fọ̀ dànù yẹn. Mo ní mo rò pé ìdọ̀tí ni.

Fóònù rẹ̀ ló fi mọ ọjọ́ orí ọmọlangidi náà. Ó gbé e sókè ọmọlangidi, ó tàn yẹ̀rì, ó wo ojú rẹ̀, ó ní ó tó ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí ó bá mi fi wo èmi náà, torí ìwé ìjọba ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n bí mi, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà ni ìwé ní wọ́n bí gbogbo àgbà abúlé yìí, bí ẹni pé gbogbo ìyá wa rọbí pa pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, kò fi wò mí. Bóyá ó ń gba owó ni.

Ó padà sí ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti wọ̀ mí lára. Mò ń lọ pọnmi, mo rí ihò kan lára ògiri ilé tí wọ́n ti ń fún òróró nígbà àtijọ́, mo bi ara mi pé kí ló lè wà níbẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, eegun lásán. Mo ki ọwọ́ bọ òmíràn, mo fa ọmọlangidi kan jáde tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa ṣe ojú rẹ̀, mo dúró mò ń wò ó, mo sì padà sílé láìpọn omi kankan. Kẹltúmà, o mọ adìẹ tó ń yé ẹyin rẹ̀ kiri inú igbó? Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. O kò mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ sì ti wọlé lọ ná.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn wọn. Wọn kò rẹwà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ta ló dè é, torí olúkúlùkù ọmọbìnrin ló ní bó ṣe ń ta kókó. Ẹlòmíràn á ta á sí ẹ̀yìn, ẹlòmíràn á ta á sábẹ́ apá. Tí mo bá ti rí kókó, mo máa ń jókòó ronú pé ta ni nínú wa tó ń lo ọwọ́ òsì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn láti ilé dé ilé láti bi àwọn àgbà. Àwọn kan rí tiwọn, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí, ìtìjú ni. Yamína ní òun kò mọ nǹkan kan nípa èyí tí mo gbé wá, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe dáadáa kí ó tó dá a padà.

Mámásì ní orí mi ti ń dàrú, ó ní arúgbó tó bá ti ń fi ọmọlangidi ṣeré, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi ra ìtẹ́dìí fún un. Mo ní kí ó lọ ra tirẹ̀ ná, òun ló jù mí lọ. Rukáyà ti gbé bíírò sílẹ̀ níbí, ó ní irọ́ ni, ìyá ọkọ òun kò jù mí lọ. Mo ní kí ó kọ ọ́. Tí ìwé ìjọba bá ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wa, kí ló ń jà sí?

Kí Lálà Nufísà tó lọ, ó ti sọ fún mi pé ọmọlangidi àtijọ́ kò fẹ́ oòrùn, kò fẹ́ omi, kò fẹ́ kòkòrò, pé ibi tó ṣókùnkùn, tó tutù, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń pa dé dáadáa ló yẹ ẹ́. Mo wo inú ilé yíká. Ibì kan ṣoṣo ló ní gbogbo rẹ̀, fíríjì tí o rà fún mi. Mo kó bọ́tà àti ẹyin jáde, àwọn náà ti ń gbé ayé kí wọ́n tó ṣe fíríjì. Mo to àwọn ọmọlangidi mi sí i, àwọn tó ní orí sí òkè, àwọn tí kò lórí sí ìsàlẹ̀ níbi ewébẹ̀. Ẹni tó ṣe fíríjì ro ti ọmọlangidi mọ́ ọn, torí tí o bá ṣí i, iná á tàn kí o lè rí wọn, tí o bá tì í, iná á kú kí wọ́n lè sùn. N kò tíì mọ̀ bóyá ó ń kú lóòótọ́. Mo ti ń ṣí i díẹ̀díẹ̀ kí n lè ká a mọ́, ó máa ń tàn kí ojú mi tó dé ibẹ̀.

Bí mo ṣe ń wá wọn kiri ni mo ṣe dé orí ìyàwó òjò. O kò rí i rí, ìgbà tí ìyá rẹ wà lọ́mọdé, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ni wọ́n lò ó gbẹ̀yìn. Tí òjò bá kọ̀, tí àwọn ọkùnrin bá ti kírun òjò tí ojú ọ̀run ṣì gbẹ, àwa obìnrin á mú ìgbakọ onígi ńlá, a ó wọ̀ ọ́ láṣọ bí ìyàwó, ilé kọ̀ọ̀kan á mú aṣọ ọmọbìnrin ilé wá fún un, a ó gbé e kiri, wọn á sì máa da omi lé e lórí láti orí òrùlé. Tí òjò bá ti rọ̀, a ó bọ́ aṣọ ọdún náà kúrò lára rẹ̀, àfi ọ̀kan tí a máa ń fi sílẹ̀ mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, yìnyín bọ́ lu àwọn obìnrin lójú ọ̀nà, oníkálukú sá, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí ìyàwó wọlé sí. Èmi ni mo rí i, nínú àká àtijọ́ orí àpáta, lẹ́yìn ìkòkò òróró tó fọ́, tó dúró ṣánṣán pẹ̀lú aṣọ lórí aṣọ àti ìkọ́ fàdákà láyà, bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ dé.

Rukáyà gun òrùlé lọ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lálà Nufísà. Ó fèsì lójú ẹsẹ̀ pé òun kò rí irú rẹ̀ rí, pé kí n má bọ́ aṣọ kankan lára rẹ̀, òun ń bọ̀ wá gbé e lọ sínú àpótí gíláàsì tó ní ẹ̀rọ tó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, kí ọ̀rinrin má baà kàn án mọ́ títí ayé. Mo dúpẹ́, mo gbé e sínú fíríjì. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún ọ, oorun mi kò jọ oorun mọ́. Aṣọ mélòó ló wà lára rẹ̀? Kí ló wà lábẹ́ èyí tó kẹ́yìn? Mo máa ń lọ ṣí fíríjì láti gbé etí aṣọ sókè díẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mò ń se kúsúkúsù, Mámásì wọlé wá yá bọ́tà, ó sì ṣí fíríjì fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò rí bọ́tà. Ó rí ìyàwó òjò tó ń wò ó. Ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́, ó jáde láìdágbére, kí kúsúkúsù mi sì tó jinná, ilé ìdáná mi ti kún fún obìnrin. Ó ní kí wọ́n wá wo ibi tí èmi Ìjjà ti òjò mọ́. Mo ní ọ̀dá yìí ti di ọdún kẹta, ìyàwó kò sì tíì pé oṣù kan lọ́dọ̀ mi, ta ló ti òjò mọ́ ṣáájú? Ó ní inú àká ló wà ṣáájú, mo kàn gbé e láti ẹ̀wọ̀n kan sí òmíràn ni, tèmi sì wá tutù. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Yamína ní láti ìgbà yìnyín ni wọn kò ti bọ́ aṣọ rẹ̀, ìyàwó tí a kò tú sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kan, báwo ló ṣe fẹ́ lọ jẹ́ òmíràn?

Mo gbé e jáde sórí tábìlì kí wọ́n lè rí i pé n kò fìyà jẹ ẹ́. Ooru kúsúkúsù kún inú ilé, gbogbo wa ń mí lé ara wa lórí, ni ìkọ́ fàdákà àyà ìyàwó bá bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Kò sí ẹni tó da omi sí i. Omi yọ, ó kóra jọ, ó ń kán sórí tábìlì. Mámásì ní ó ń sunkún. Mo ní ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí Hámù máa ń rà wálé nígbà ọdún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá jáde nínú fíríjì, ta ló ń sunkún nínú ìyẹn? Ṣùgbọ́n Kẹltúmà, omi náà, níbo ló ti wá? Kò sí omi lára rẹ̀, ọ̀dá sì la wà. Bá mi bi àwọn tó kàwé níbi iṣẹ́ rẹ.

Wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ rẹ̀. Mo ní Lálà Nufísà ní n kò gbọdọ̀ ṣe é. Mámásì ní ṣé Lálà Nufísà gbin ọkà síbí ni? Mo wo oko lójú fèrèsé, ọkà tí kò ga ju ìka lọ, tí ṣóńṣó rẹ̀ ti ń pọ́n. N kò ní sọ pé ọkà nìkan ni mo rò. Ojúmìító ló ṣẹ́gun mi. Mo tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, mo fọwọ́, n kò ní ìbọ̀wọ́ nítorí náà mo ki ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Aṣọ òkè, gbogbo ilé mọ̀ ọ́n, ti ọdún yìnyín ni. Èyí tó tẹ̀lé e, Yamína ní ti ìyá òun ni, ó dárúkọ ọlọ́jà tó fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé e wá. Bí mo ti ń ṣí i là ń padà sẹ́yìn. Àwọn tó wá bá mi jà ti gbàgbé ìjà, wọ́n ń fi ìgúnpá tì mí, wọ́n ní kí n yára, wọ́n tún ní kí n rọra. Gèlè pupa kan tó ní ìlà bí òdòdó sọ́fúrónì jáde. Mámásì ní kí n dúró. Ó ní tòun ni, ọdún tí wọ́n gbé òun wá sílé ọkọ, òun kò tíì mọ ẹnikẹ́ni níbí, wọ́n ní kí òun mú aṣọ wá, èyí tí ìyá òun wé fún òun nìkan lòun ní. Ó gbé e lé ojú, ó bú sẹ́kún. Láti ogójì ọdún tí a ti jọ ń gbé, n kò rí ẹkún rẹ̀ rí. Mo ní kí ó má sunkún sí i, Lálà Nufísà ní omi kò dára fún un. Ó ní kí n panu mi dé. Rukáyà, kọ ìyẹn náà.

Nígbẹ̀yìn ó ku aṣọ kan mọ́ igi lára, aṣọ aró tí wọ́n fi okùn irun ràkúnmí dì. A gbé e yíká. Àwọn àgbà fọwọ́ pa á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kókó rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tí a mọ̀. Ẹnì kan wọ ìyàwó yìí láṣọ kí ẹni tó dàgbà jù nínú wa tó dáyé, kò fi orúkọ sílẹ̀, kókó ló fi sílẹ̀. Mámásì ní kí n tú u. Mo ní rárá, tí mo bá tú u tán, kí la ó máa béèrè?

A fi aṣọ tuntun bò ó, a gbé e jáde. Omi tí a ti ń fi ìṣọ́ra lò láti ọjọ́ yìí wá la dà lé e lórí, ó sì bá èmi ju ìyàwó lọ, torí Mámásì kò mọ bí a ṣe ń fojú sun nǹkan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìkuukù ṣú. Gbogbo wa jáde dúró. Òjò náà wá lóòótọ́, ó sì rọ̀ sí Azúrù ní òdìkejì àfonífojì, a dúró síbí a ń wò ó bó ti ń rọ̀ sí oko àwọn tí kò wọ ṣíbí kankan láṣọ. Òórùn rẹ̀ nìkan ló kàn wá.

Mámásì ní kókó tí n kò tú ló dè é lọ́nà. Mo ní ẹni tí kókó dè kì í dé Azúrù. Mo ní aṣọ ló dín, torí ilé kọ̀ọ̀kan mú aṣọ ọmọbìnrin ilé wá àfi ilé tèmi, ìwọ nìkan sì ni ọmọbìnrin tó kù nílé yìí. Aṣọ ara mi ni mo fi sí i, òjò wo ló máa tẹ̀lé aṣọ arúgbó? Wọ́n gbà pé a ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n tí kò bá tún rọ̀ síbí, Mámásì ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ tú kókó náà, gbogbo wọn ti gbà fún un.

Nítorí náà, fi owó ìyẹ̀fun àti òróró ránṣẹ́, torí a gbọ́dọ̀ fún àwọn obìnrin lóúnjẹ lọ́jọ́ náà. Má fi sínú ẹ̀rọ ara ògiri ní Tafíráútù mọ́. Ìwọ fúnra rẹ sọ pé n kò gbọdọ̀ sọ nọ́ńbà mi fún ẹnikẹ́ni, mo dé ibẹ̀, nọ́ńbà ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ béèrè. N kò sọ fún un. A wo ara wa títí, ó gbé káàdì mi mì. Fi owó náà rán Hámù, ó ní òun ń ti ṣọ́ọ̀bù òun ní Kasabúláńkà níbẹ̀ bọ̀ nílé kí ọjọ́ ọjà tó pé.

Sọ fún Lálà Nufísà kí ó má bínú. Àwọn aṣọ àtijọ́ wà ní títò bí a ti bọ́ wọn, kí ó kó wọn, àfi gèlè pupa, Mámásì ti wé e, kò sí ẹni tó lè gbà á lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó fúnra rẹ̀, tí òjò bá rọ̀ tí a kórè tán, mo lè yá a fún un, n kò tà á. Lọ́jọ́ tí ọ̀run bá tún gbẹ, yóò gbé e padà wá, a ó sì da omi lé e lórí lójú rẹ̀. Tó bá ní omi kò gbọdọ̀ kàn án, a jẹ́ pé kì í ṣe ìyàwó òjò ló ń wá, ìgbakọ ló ń wá, ìgbakọ sì pọ̀ lọ́jà.

Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí ó fún ọ ní ọkọ tí kì í hanrun, kí ó má jẹ́ kí ilé yìí ṣófo lẹ́yìn mi. Aṣọ rẹ, èyí tí o ti wọ̀ ni kí o fi rán Hámù, má ra tuntun. Má fi dúdú tí o ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ránṣẹ́. Èyí tí o fẹ́ràn jù ni kí o mú, torí tí kò bá dùn ọ́ láti yọ̀ǹda rẹ̀, òjò kò ní mọ̀ pé o wà níbẹ̀.

Èmi ni, Ìjjà, ìyá tó bí ìyá rẹ.